Àwọ̀ Mẹ́ta fún Ojú Kan

Ọ̀gá mi àtijọ́ gbà pé kọ̀ǹpútà tó bá wọ́n jù ni kì í purọ́. Ẹni tó bá ní irú ìgbàgbọ́ yìí, kò yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ ìwé títẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ń gba owó oṣù. Ọ̀fà ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí stéṣọ̀n rélùwéè, níbi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń kóra jọ sí lábẹ́ igi tí wọ́n ń dúró de èrò. Kò sí irú ìwé tí a kì í tẹ̀: kálẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, káàdì ìdánimọ̀, àti iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì, àwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ tí olùkọ́ ní kí wọ́n fi sílẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń gbé e wá.

Ẹ má bínú pé mi ò ní fi "wọ́n" bọlá fún ọ̀gá yìí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àgbà ni, mo mọ̀. Gbogbo "wọ́n" tí mo ní fún un ni mo ti ná tán ní ojú rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ kan ṣoṣo la ní, pìríńtà ńlá kan tó jókòó sí àárín ṣọ́ọ̀bù bí ìyálé. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ń pín in lò, wáyà ló so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ọn. Èmi wà nídìí ọ̀kan. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá wà nídìí ìkejì. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò tíì mọ iṣẹ́ púpọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n tí kò bá mọ nǹkan, ó máa ń sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n, èyí tó fi sàn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo ti bá ṣiṣẹ́ lọ. Ìkẹta jẹ́ ti ọ̀gá fúnra rẹ̀, nínú yàrá kékeré tí wọ́n fi gíláàsì gé sọ́tọ̀. Dubai ló ti rà á bọ̀. Kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa tí kò gbọ́ nípa Dubai yẹn. Bó jẹ́ pé fọ́tòkópì ojú ìwé kan lo wá ṣe, wàá gbọ́ ọ kí wọ́n tó dá ìwé rẹ padà fún ọ.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà ti ń ráhùn nípa àwọ̀. Ẹgbẹ́ kan ní kí a bá àwọn tẹ kálẹ́ńdà. Apá kan jáde ní àwọ̀ ewé tútù, apá kejì ní àwọ̀ ewé tí ewúrẹ́ ti jẹ kù. Ọ̀gá sọ fún akọ̀wé wọn pé iná mànàmáná tó ń ṣe ségesège ló fà á. Ẹlòmíràn mú báàjì ilé ìwé wá, ó ní búlúù tiwọn kọ́ nìyí. Ọ̀gá ní kó lọ yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́sibítù. Tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín, ó gba ẹrù rẹ̀, a ò sì rí i mọ́ láéláé. Bí ọ̀gá ṣe máa ń jàre nìyẹn: yóò jàre, oníbàárà yóò lọ.

Lákòókò ọyẹ́ kan, ìyá arúgbó kan kú ní àdúgbò wa, Alhaja tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Aṣọ ni wọ́n ń tà kí ara wọn tó kọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó tó wọlé ọkọ ní Ọ̀fà, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ra aṣọ tó wà nínú àpótí wọn. Àkọ́bí wọn ló gbé iṣẹ́ wá fún wa, obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwa máa ń pè ní Mummy Tíṣà. Wọ́n fẹ́ ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n máa pín níbi àdúà fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sì tún fẹ́ fọ́tò ńlá tí wọ́n máa gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé. Nínú fọ́tò tí wọ́n mú wá, ìyá náà jókòó lórí àga, wọ́n fi ìbòrí funfun borí, wọ́n ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò náà bí ẹni pé ó ti ń fi àkókò wọn ṣòfò.

Ọ̀gá pín iṣẹ́. Èmi tẹ èèpo ìwé náà. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ tẹ àwọn ojú ewé inú, níbi tí fọ́tò náà tún wà pẹ̀lú ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ọ̀gá ní òun fúnra òun ni yóò tẹ fọ́tò ńlá, torí pé àwọn èèyàn ńláńlá máa rí i, wọ́n á sì béèrè ẹni tó ṣe é. Oníkálukú tẹ tirẹ̀, ọ̀gá ń pariwo sí wa léti pé àkókò ti lọ, a dì í sínú páálí, ọ̀gá sì gbé e fún wọn tọwọ́tẹsẹ̀ bí ẹni tó ń gbé oyè fún ènìyàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Mummy Tíṣà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé páálí náà lé itan. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n wọlé, wọ́n kí wa kú iṣẹ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n mú ìwé kan, wọ́n ṣí i kí èèpo rẹ̀ àti inú rẹ̀ lè hàn pọ̀, wọ́n tẹ́ fọ́tò ńlá náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì.

"Alhaji," ni wọ́n sọ fún ọ̀gá, "ìyá kan ló bí mi. Mẹ́ta lẹ dì fún mi."

Mo sún mọ́ ọn. Lóòótọ́, ìyá mẹ́ta ló wà lórí tábìlì. Èyí tó wà lára èèpo, dúdú ni. Èyí tó wà nínú ìwé, pupa ni, ó ń dán bí ẹni tí wọ́n fi epo pa lójú. Èyí tí ọ̀gá tẹ̀ ló burú jù: ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó tún ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú, ìbòrí funfun yẹn sì ti di àwọ̀ ẹ̀kọ àná.

"Àwọn àbúrò mi ti ń jà nílé," ni Mummy Tíṣà wí. "Ọ̀kan ní èyí tó pupa yìí ló jọ Màámi nígbà tí òun wà ní kékeré. Ìkejì ní ibi tó pọ́ọ́kú ni mo gbé iṣẹ́ ìyá òun lọ. Ti ńlá yìí wá ńkọ́? A gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ará àdúgbò kan wọlé wá kí wa, ó wò ó, ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ṣé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló pa Màámi tí a fi ń fi í pamọ́."

Ẹni tó lójútì ì bá ti dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá mi gbá ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru ọyẹ́: eruku ọyẹ́ ló wọnú íǹkì. Nígbà tí ìyẹn ò wọlé, ó di ẹ̀bi ru bébà. Nígbà tí mo sọ fún un pé inú páálí kan náà ni gbogbo bébà ti jáde, ó yíjú sí àbúrò ìyàwó rẹ̀.

"Ọmọ yìí ni! Ìgbà wo ni mo ti ń sọ fún un pé kó má máa fi ọwọ́ tó lómi tẹ kọ̀ǹpútà?"

Ọmọbìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n gbẹ táútáú. Ọyẹ́ ni kẹ̀, ètè gbogbo wa ló ti là.

Ọ̀gá kò dúró níbẹ̀. Ó gbé fọ́tò tirẹ̀ sókè. "Àbí kí n sọ òótọ́ fún yín, Mummy? Tèmi yìí gan-an ló tọ̀nà. Kọ̀ǹpútà tó tẹ̀ ẹ́, Dubai ni mo ti rà á, kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Ọmọ kì í rí àárẹ̀ lójú ìyá rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bí Alhaja ṣe rí gan-an nìyẹn lópin ọjọ́ wọn."

Mummy Tíṣà wò ó. Mo mọ irú ìwò yẹn; bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tó kọ ìsọkúsọ sínú ìdánwò, tó tún fi ìgboyà fa ìlà sí i nídìí.

"Alhaji," ni wọ́n wí, "èmi ni mo wẹ̀ wọ́n. Mo mọ àwọ̀ ara ìyá mi."

Ọ̀gá gbé fọ́tò rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá mú fóònù, ó ní òun máa pe ẹnjiníà òun ní Ìlọrin. Mummy Tíṣà fa àga oníke kan, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ sílé láìgba ìyá àwọn.

Ẹnjiníà dé. Kóòtù ló wọ̀, ọ̀sán gangan, ó gbé báàgì awọ lọ́wọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń gbé ohùn rẹ̀ sí rédíò. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Kò wo ìyá mẹ́ta tó wà lórí tábìlì. Ó ṣí pìríńtà, ó gbọ́ òórùn inú rẹ̀, ó mi orí.

"Alhaji, íǹkì yìí ti ṣiṣẹ́ ibi. Ayédèrú ni."

Ó yọ íǹkì tó ṣì kún, ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. A tẹ ìwé wò, ìyá mẹ́ta ló tún jáde. Ó ní ọ̀pá roboto inú ẹ̀rọ ló ti gbó. Ó yọ ìyẹn náà, ó pààrọ̀ rẹ̀. Mẹ́ta náà ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ẹnjiníà yìí ti bẹ́ orí méjì, ó sì ti ń wo ọrùn ìkẹta. Ó wá tọ wáyà lẹ́sẹ̀ lọ láti ìdí kọ̀ǹpútà kan dé ìdí èkejì, ó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀.

"Mo ti rí i. Àwọ̀ ń jò lójú wáyà. Kó tó dé inú ẹ̀rọ, pupa ti dínkù."

Ọ̀gá náà mi orí gìdìgbà, bí ẹni pé òun náà ti fura sí i tipẹ́.

Mi ò lè mú un mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni mo wí, "ṣé lẹ́tà náà máa ń jò? Torí a ò tíì tẹ ìwé kan rí tí lẹ́tà já bọ́ sójú ọ̀nà."

"Ìwọ!" ni ọ̀gá pariwo. "Jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé ṣiṣẹ́."

Èmi tí mo gba HND nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lójú ara rẹ̀, tó jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí mi gan-an ló fi ń fọ́nnu fún àwọn oníbàárà. Mo padà sórí àga mi. Wọ́n rán ọlọ́kadà lọ ra wáyà tuntun. Wọ́n so ó. A tẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá mẹ́ta jáde, bí wọ́n ṣe wà láti àárọ̀. Ẹnjiníà wo aago rẹ̀, ó rántí pé iṣẹ́ kan ń dúró de òun ní Ilemona, ó ní wáyà tuntun máa ń gba àkókò kí ó tó mọ́ iṣẹ́ lára. Kò pẹ́ tí eruku mọ́tò rẹ̀ fi balẹ̀.

Nígbà yẹn ni Mummy Tíṣà, tí wọ́n ṣì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, bi wá ní ìbéèrè kan.

"Ṣé ẹ ti tẹ ohun kan náà láti orí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí?"

A wo ara wa. Iṣẹ́ tí oníkálukú ní lọ́wọ́ ló ń tẹ̀: èmi ń tẹ èèpo, ọmọbìnrin ń tẹ inú, ọ̀gá ń tẹ fọ́tò ńlá. Gbogbo ariwo yẹn, gbogbo íǹkì àti wáyà yẹn, kò sí ẹni tó rántí ohun tí tíṣà máa ń ṣe fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà, pé kó fi ìbéèrè kan náà bi ọmọ mẹ́ta kó tó mọ èwo ni kò gbọ́.

Mo dìde. Mo kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì kan lára pìríńtà fúnra rẹ̀, èyí tó máa ń mú kó tẹ ìwé ìdánwò tirẹ̀ jáde láìsí pé kọ̀ǹpútà kankan dá sí i. Pupa rẹ̀ pupa, búlúù rẹ̀ mọ́, yẹ́lò rẹ̀ mọ́, dúdú rẹ̀ dúdú. Ara ẹ̀rọ le. Ìyẹn nìkan ì bá ti tó láti dá ẹnjiníà padà sí Ìlọrin kó tó bọ́ kóòtù. Mo wá fi fọ́tò ìyá náà sínú fáìlì PDF kan, mo fi fíláàṣì gbé e dé orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló tẹ ti orí tirẹ̀, mo kọ orúkọ kọ̀ǹpútà sẹ́yìn bébà. Fáìlì kan náà, bébà kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ojú mẹ́ta.

Mummy Tíṣà gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Wọ́n ká apá aṣọ wọn dé ìgúnpá, wọ́n gbé apá wọn lé ẹ̀gbẹ́ bébà kọ̀ọ̀kan.

"Gbogbo ilé ló mọ̀ pé àwọ̀ Màámi ni mo gbé wá sáyé," ni wọ́n wí. Wọ́n ju ti ọmọbìnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ju ti ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Wọ́n pẹ́ lórí tèmi. Inú mi ti ń dùn.

"Tìẹ sún mọ́ ọn," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ó dúdú jù. Ìwọ náà ò tíì débẹ̀."

Ìdùnnú mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sẹ́tìńgì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ètò kékeré kan tó fi ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, dírẹ́fà la máa ń pè é, òun ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Èyí tó bá ẹ̀rọ wa wá láti ilé iṣẹ́ ló wà lórí tèmi, ṣùgbọ́n wọ́n ti sún ìwọ̀n íǹkì rẹ̀ sókè nígbà kan tí a ń tẹ ìwé tó ṣá, kò sì sẹ́ni tó dá a padà. Ògbufọ̀ gbogbogbòò kan ni kọ̀ǹpútà ọmọbìnrin yẹn ti dá wá fún ara rẹ̀, èyí tí kò gbọ́ èdè pìríńtà wa dáadáa, tí wọ́n sì tún yan àwọ̀ títàn fún un, torí pé àwọn oníbàárà fẹ́ràn ohun tó ń dán. Pupa yẹn kò ṣẹ̀yìn ìyẹn.

Ó ku ti ọ̀gá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà gíláàsì rẹ̀ bí ọlọ́dẹ.

"Ẹ ò ní fọwọ́ kan tèmi. Ẹ tún tiyín ṣe kó bá tèmi mu."

"Kí gbogbo ìyá Ọ̀fà lè ní ibà pọ́njú?" Mummy Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀, ohùn wọn kò sì lọ sókè. Wọ́n wo oòrùn níta. "Alhaji, ìrun Alásárì mà ti tó."

Kò sí bí ó ṣe fẹ́ ṣe é. Gbogbo àdúgbò ló máa ń rí i ní sááfù iwájú, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n rí i. Ó gbé kẹ́tùlù, ó lọ. Páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀yin náà lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ yà mí lẹ́nu díẹ̀, kò yà mí lẹ́nu jù. Ètò tó fi ń ṣiṣẹ́ fọ́tò ń tún àwọ̀ ṣe, ó sì tún ní kí pìríńtà tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ọbẹ̀ tí ìyàwó ti fi iyọ̀ sí ni ìyá ọkọ tún ṣí ìkòkò rẹ̀ tó fi iyọ̀ sí. Ó sọ fún ẹ̀rọ pé bébà dídán ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé bébà lásán ni, ó sì tún ní kó máa ṣọ́ íǹkì lò. Àwọn ohun tí ọkùnrin náà ti tẹ̀ láìmọ ohun tí wọ́n jẹ́, kì í ṣe kékeré.

Èmi àti ọmọbìnrin náà ṣe é pọ̀. A fi ògbufọ̀ kan náà sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ní kí ọwọ́ kan ṣoṣo máa tún àwọ̀ ṣe, kí ìkejì fi ọwọ́ lẹ́rán. A yan bébà tó wà nínú ẹ̀rọ gan-an fún gbogbo wọn, a dá ìwọ̀n íǹkì padà sí àyè rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ nínú oòrùn, mi ò sì mọ èwo ni tèmi mọ́ àfi ìgbà tí mo yí wọn dojú dé.

Mummy Tíṣà gbé apá wọn lé e. Wọ́n kàn fi àtàǹpàkò nu ojú ìyá náà lórí bébà, bí ẹni ń nu eruku, wọ́n sì yíjú sí ojú ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀gàn tí mo ti ń kó jọ láti àárọ̀ tú kúrò lára mi, mo sì wá nǹkan ṣe nídìí pìríńtà kí n má bàa máa wo ojú wọn.

Ọ̀gá ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá ìyá kan ṣoṣo nínú gbogbo bébà. Ó wò wọ́n, ó tún wò wọ́n. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ ẹ̀ rí i!" ni ó wí. "Wáyà tuntun yẹn ti mọ́ iṣẹ́ lára!"

Ọmọbìnrin náà sá wọ ẹ̀yìn ilé kó lè rẹ́rìn-ín. Mummy Tíṣà ṣẹ́jú sí mi, mo di ẹnu mi. A tún gbogbo iṣẹ́ náà tẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n sì gbé ìyá wọn lọ sílé nínú kẹ̀kẹ́.

Mo ṣì lo àkókò díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó dá dúró. Lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ àwa atẹ̀wé ṣe ìpàdé, ọ̀gá sì lọ síbẹ̀, torí wọ́n ní kí ó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa bí ó ṣe "ṣàwárí" ọ̀nà tí àwọ̀ fi ń bára mu. Èmi ń gé bébà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí fóònù mi dún. Ohùn ọ̀gá ni, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà lábẹ́ tábìlì.

"Ẹnì kan níbí ń bi mí bóyá kí òun jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tún àwọ̀ ṣe ni, àbí kí òun fi sílẹ̀ fún pìríńtà. Èwo ni?"

"Èyíkéyìí tó bá wù wọ́n, sà," ni mo wí, "kó ṣáà máa jẹ́ ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà."

Kò tíì pa fóònù nígbà tó yí ẹnu padà sí àwọn èèyàn náà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere, ó ti lọ sókè, ó ti kún: "Bí mo ṣe ń sọ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn." Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo tún abẹ mú, mo ń gé bébà mi lọ.